Abẹ́rẹ́ Tí Ń Dín Ọ̀rá Ara Kù

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde tí àwọn oníṣègùn ti ń retí. Ìlànà náà wí pé àwọn àgbàlagbà tí ọ̀rá àpọ̀jù ti di àìsàn sí lára, yàtọ̀ sí àwọn aláboyún, lè máa gba irú abẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní GLP-1 fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n bá ń ṣọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì ń lo ara wọn fún iṣẹ́ àti ìrìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Àjọ yìí ti kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún ni irú àwọn alárùn àtọ̀gbẹ kan tí àìsàn wọn ti wọ ọkàn tàbí kíndìnrín, tí ara wọn sì sanra kọjá ààlà.

Ẹni tí ó bá jókòó sí Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bouaké ni ó tẹ̀ lé Abidjan nínú àwọn ìlú ńláńlá orílẹ̀-èdè náà, ó sì jìnnà sí i tó 350 kìlómítà. Láti 1912 tí ojú irin ti dé ibẹ̀ ni ó ti di oríta òwò. Àwọn Baoulé tí wọ́n ni ilẹ̀, àwọn Jùlá, àwọn ará Mali àti Burkina Faso, gbogbo wọn ni ọjà náà kó pọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀ kò gbẹ́yìn. Púpọ̀ nínú irú wọn ní Côte d'Ivoire ni ó jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohunkóhun tí a bá ń tà ní Abidjan, kì í pẹ́ tí yóò fi dé oríta bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ohun rere, ìbáà ṣe ayédèrú.

Ìlú náà kì í sì ṣe àjèjì sí ìwádìí ìjìnlẹ̀. Ní M'bé, lẹ́bàá Bouaké, ni àwọn onímọ̀ ìrẹsì ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1990 tí wọ́n fi pa ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ Éṣíà, tí a fi rí èyí tí a ń pè ní NERICA. Monty Jones, ọmọ Sierra Leone tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2004. Ohun tí wọ́n ń wá nígbà náà ni ọ̀nà tí ẹni tí ebi ń pa yóò fi yó. Lónìí, ìlú tí a ti wá ọ̀nà àtiyó ni ọ̀ràn àyójù dé bá, ebi kò sì tí ì kúrò nílẹ̀ pátápátá. Àwọn méjèèjì ti di aládùúgbò ara wọn, nígbà mìíràn nínú agbo ilé kan ṣoṣo.

Kò ṣòro láti mọ bí ó ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko iṣu kí oòrùn tó yọ ti di ẹni tí ń jókòó sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí alùpùpù sì ń gbé e délé. Fùtú iṣu, plàkàlí ẹ̀gẹ́, àtíẹ̀kẹ́ àti ẹja dídín, oúnjẹ àwọn bàbá náà ni. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ara fi wọ́n ṣe ni ó ti dínkù. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà kún inú rẹ̀ sì ti gba ipò omi nínú ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí tí a kó jọ láti gbogbo ayé jáde ní 2024, ó hàn pé àwọn tí ọ̀rá àpọ̀jù ń dà láàmú ti ju bílíọ̀nù kan lọ ní 2022. Àìsàn yìí kì í sì í dá rìn: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn àti ìrora orúnkún ni ó máa ń bá a kọ́wọ̀ọ́ rìn.

Nígbà àtijọ́, ara tí ó kún ni àmì ọrọ̀ àti àlàáfíà. Títí di àìpẹ́ yìí, àwọn kan ṣì ń fi owó wá a. Ní 2008, orin kan tí wọ́n ń pè ní Bobaraba gba ìgboro Abidjan kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Jùlá ni ìdí ńlá. Kíá ni àwọn ọlọ́jà gbé ìpara àti oògùn jáde tí wọ́n ní ó lè mú ìdí tóbi, àwọn obìnrin sì ń rà á. Kò tí ì tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí ìfẹ́ ayé fi yí padà sí ara pẹ́lẹ́ńgẹ́. Irú ọlọ́jà tí ó ta oògùn àmúsanra lánàá ni ó múra tán láti ta oògùn àmúpẹ́lẹ́ńgẹ́ lónìí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ará ìlú mọ ohun tí oògùn yìí jẹ́ gan-an, kí ó tó yọ owó lápò.

Pẹ́pítáìdì ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀yà ohun tí a fi ṣe abẹ́rẹ́ náà. Ẹni tí ó bá mọ àrokò àwọn bàbá ńlá wa kò ní ṣàìmọ pẹ́pítáìdì. Bí ọba tàbí ìjòyè bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jìnnà, a máa ń so owó ẹyọ àti ìyẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ okùn. Iye wọn àti bí a ti tò wọ́n ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú wọn. Bí a bá yí ẹyọ kan padà, iṣẹ́ tí a rán ti yí padà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ẹ̀dá ń ṣe. Ó ń mú àwọn ègé kéékèèké tí ó rí nínú ẹran àti ẹ̀wà tí a jẹ, ó ń sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ láti inú ẹ̀yà kan sí èkejì nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ínsúlínì ni ó lókìkí jù nínú irú àrokò wọ̀nyí. Ní 1921, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best rí i nínú ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Ní oṣù kìíní 1922 ni wọ́n fún ọmọdékùnrin kan, Leonard Thompson, tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ó yè. Kí ó tó di ìgbà náà, ikú ni òpin irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Frederick Sanger, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ti àrokò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ 51 ti tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ̀bùn Nobel ti 1958 ni èrè iṣẹ́ náà.

GLP-1 jẹ́ àbúrò ínsúlínì nínú iṣẹ́. Ìfun ni ó ń rán an jáde bí oúnjẹ bá ti wọlé. Ó ń sọ fún ẹ̀yà tí ń ṣe ínsúlínì pé kí ó múra, nítorí pé ṣúgà ń bọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀; ó ń sọ fún àpòlúkù pé kí ó má ṣe kánjú tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀; ó sì ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Svetlana Mojsov, Joel Habener àti Daniel Drucker ní Amẹ́ríkà, àti Jens Juul Holst ní Dẹ́ńmáàkì, wà lára àwọn tí ó fi iṣẹ́ òjíṣẹ́ yìí hàn ní àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan dínà. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń gé orí àrokò náà, tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí ìdajì rẹ̀ tó bàjẹ́. Oògùn wo ni a ó fi ohun tí kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Alángbá ńlá kan wà ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò tí oró wà lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹun. Dókítà John Eng, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bronx ní New York, rí pẹ́pítáìdì kan nínú oró rẹ̀ tí ó jọ GLP-1, ṣùgbọ́n tí kì í tètè bàjẹ́. Ó kéde rẹ̀ ní 1992. Ní 2005, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn tí a ti ara rẹ̀ ṣe, fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ. Ní Dẹ́ńmáàkì, Lotte Bjerre Knudsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n so ẹ̀ka ọ̀rá kékeré kan mọ́ àrokò náà, èyí tí ó fi ń rọ̀ mọ́ ohun mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, bí ọmọ ti ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, kí ọ̀bẹ má bàa kàn án. Èyí tí a ń pè ní semaglutide nínú wọn ń pẹ́ nínú ara tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kan fi tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n fi àṣẹ sí i ní Amẹ́ríkà ní 2017 fún àtọ̀gbẹ, àti ní 2021 fún dídín ọ̀rá kù.

Èso wo ni ó so? Nínú ìwádìí kan tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2021, ènìyàn 1,961 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní semaglutide, wọ́n sì fún apá kejì ní omi abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 68, àwọn ti ìṣáájú ti fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀. Àwọn ti ìkejì kò ju ìdá méjì àti díẹ̀ lọ. Oògùn mìíràn, tirzepatide, tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ àrokò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mú ìwọ̀n ara dínkù tó ìdá 20 nínú 100 nínú ìwádìí ti 2022. Èyí tí ó ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ ni ti 2023: láàárín ènìyàn 17,604 tí wọ́n sanra jù tí wọ́n sì ti ní àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀, semaglutide fi ìdá 20 nínú 100 dín ewu ikú láti ọwọ́ àrùn ọkàn, ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ kù.

Àwọn kan ń wí pé ìmẹ́lẹ́ àti ọ̀kánjúwà ni ó ń mú ènìyàn sanra, pé kí olúkúlùkù pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìwádìí kò gbà pẹ̀lú wọn. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí i pé ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ nípa iye tí ó wà nínú àká. Bí ọ̀rá bá dínkù, ara a fi ariwo ta, ebi a pọ̀ sí i, agbára tí ara ń ná a sì dínkù, bí ẹni pé ìyàn ti dé. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbìyànjú láti fọn ń bá ara tirẹ̀ jìjàkadì ni. Kò yẹ kí a fi ṣe ẹlẹ́yà; ìtọ́jú ni ó yẹ ẹ́ bí ó ti yẹ ẹni tí ibà mú.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Oògùn yìí ní ìyà tirẹ̀. Èébì, inú rírùn, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrígbẹ́yà ni ó wọ́pọ̀. Òkúta inú òróòro àti wíwú ẹ̀yà tí ń ṣe ínsúlínì kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n léwu. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn dókítà fi ń fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń lò tó oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó dé ìwọ̀n tí ó pé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Bí ọ̀rá ti ń lọ ni ẹran ara pẹ̀lú ń lọ, bí ẹni náà kò bá lo ara rẹ̀, tí kò sì jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja tó. Bí ó bá sì dá oògùn náà dúró, ọ̀rá a padà: nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ díẹ̀ lára àwọn ti ìwádìí àkọ́kọ́ fún ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, wọ́n ti gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọ nù padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á nítorí ìgbéyàwó oṣù tí ń bọ̀ ti ṣi ọ̀nà.

Ewu tí ó tóbi jù fún ìlú bíi Bouaké ni ayédèrú. Ní oṣù Kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé wọ́n ti rí ayédèrú semaglutide ní Bùràsílì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Bí a bá lè yí irú rẹ̀ níbi tí òfin le, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí a ti ń ta oògùn lórí àtẹ? Ní Adjamé ní Abidjan, ọjà kan wà tí wọ́n ń pè ní Roxy, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí oògùn ìta gbangba. Àwọn agbófinró ti kó ọjà wọn léraléra, ọjà náà sì ń sọjí. Àwọn mìíràn ń ta ìyẹ̀fun pẹ́pítáìdì tí a kọ sí ara ìgò rẹ̀ pé fún ìwádìí nìkan ni, kì í ṣe fún ènìyàn.

Ohun méjì péré ni ẹni tí kò kàwé lè fi dá irọ́ mọ̀. Èkínní, pẹ́pítáìdì jẹ́ ẹ̀yà ohun tí ó wà nínú ẹran. Bí a bá gbé e mì lásán, ikùn yóò dà á bí ó ti ń da ẹran. Semaglutide oníhóró wà lóòótọ́, láti 2019, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti po ohun mìíràn mọ́ ọn kí díẹ̀ nínú rẹ̀ tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, àgbo tàbí tíì tí ọlọ́jà bá ní pẹ́pítáìdì wà nínú rẹ̀, ẹ̀tàn ni. Èkejì, abẹ́rẹ́ náà ní láti wà nínú fìríìjì, ní ìwọ̀n òtútù 2 sí 8, títí di ìgbà tí a bá kọ́kọ́ lò ó. Èyí tí a bá tò sí orí àtẹ nínú oòrùn ọ̀sán Bouaké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó ní àárọ̀, kò ṣeé fọkàn tán mọ́ ní alẹ́.

Ọ̀ràn ìdájọ́ òdodo náà tún wà níbẹ̀. Láti 2022, nígbà tí àwọn tí ń wá ara pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ilẹ̀ olówó bẹ̀rẹ̀ sí í ra semaglutide lọ́pọ̀ yanturu, ó wọ́n fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ tí a torí wọn ṣe é. Ìjọba Amẹ́ríkà kò kéde pé ọ̀wọ́n náà ti tán àfi ní oṣù kejì 2025. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ wí pé, bí a bá tilẹ̀ yára pọ̀ sí i, kò ní tó ẹni 10 nínú 100 àwọn tí yóò ṣe láǹfààní tí oògùn náà yóò dé ọ̀dọ̀ wọn títí di 2030. Ṣùgbọ́n ìrètí wà. Ọdún 2026 ni àṣẹ ìdánìkanṣe semaglutide dópin ní àwọn ilẹ̀ ńlá bíi Íńdíà àti Ṣáínà, ọ̀dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oògùn olówó pọ́ọ́kú ti ń wá sí Áfíríkà. Nígbà tí ó bá dé, ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á? Ṣé ìyá aláṣọ tí àtọ̀gbẹ ti ń mú ojú rẹ̀ ṣú ni, tàbí ọmọge tí kò ní àìsàn kan lára ju pé ó rí àwòrán lọ?

Ìjọba Côte d'Ivoire ní àjọ tí ń ṣàkóso oògùn, Bouaké sì ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì ti múra sílẹ̀: kí ó hàn kedere ẹni tí ó tọ́ sí, ilé oògùn tí ó ní fìríìjì tí kì í kú, àti owó tí ènìyàn lásán lè san. Ó sì yẹ kí a ṣe ìwádìí náà lára àwa aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú, nítorí pé díẹ̀ ni irú wa tí ó wà nínú ìwádìí 2021. Àwọn dókítà tí ó mọ ẹni tí ń jẹ fùtú ni ó lè sọ bí ara ẹni tí ń jẹ fùtú ti ń gba oògùn. Ìlú tí ó bá ìrẹsì Áfíríkà àti ti Éṣíà dá májẹ̀mú kò kéré jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí oògùn tó dé, ẹsẹ̀ ń bẹ. Kí oníṣòwò sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù kí ó tó dé ilé, kí omi padà sí orí tábìlì ní ipò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí a dín epo dídín kù, kí a sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Oògùn tuntun yìí kò sọ èyíkéyìí nínú wọn di asán. Àwọn tí ó fi àṣẹ sí i gan-an ni ó wí bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí àìsàn ti bò mọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ gidi ni abẹ́rẹ́ yìí lè jẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó kàn ń sáré tẹ̀ lé ìfẹ́ ayé, àṣejù ni, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.